Olè Tó Wọ Aṣọ Ìgbéyàwó Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àárò mi, ẹ kú afẹ́fẹ́ òkè Ọ̀kà tó ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ yín láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀, orókùn mi méjèèjì kan ilẹ̀, bí sìmẹ́ńtì ibí tilẹ̀ tutù. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀, mo kí Ìyá Ìbejì ojúlé kejì, mo kí gbogbo àwọn ìyá àsàlátù yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá délẹ̀ Ìkàrẹ́, ẹ bá mi kí àwọn àna yín, ẹ ní ìyàwó wọn ò tíì rù, ó tiẹ̀ ń sanra.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Àkókó ni ẹ ti ń rí lẹ́tà mi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Pọ́tákọ́tù níbí ló ní ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kó mọ sí etí yín nìkan, pé ìyá púpọ̀ ló wà nílé tó ní fóònù bíi tiyín, tó sì lórí kunkun bíi tiyín. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi kọ́. Ẹni tó bá ń kà á fún yín, kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan.

Màámi, inú mi dùn! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohun tí kò jẹ́ kí n fìdí kalẹ̀. Ilé ọkọ dùn mọ́ mi. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, pálọ̀ náà kò fẹ̀ tó ibi tí ẹ ń sá ẹ̀gẹ́ sí, ṣùgbọ́n bí mo bá jí, mo máa ń rìn yí i ká bí ẹni tó ń yẹ ààfin wò. Ọkọ mi ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, ọwọ́ rẹ̀ kún fún iṣẹ́, bó bá ń wọlé bọ̀ nírọ̀lẹ́, orin ló máa ń kọ láti ẹnu géètì kí n lè mọ̀ pé òun ni. Èmi náà ti rí ibi jókòó sí: obìnrin aránṣọ kan ní àdúgbò wa fún mi ní máṣíìnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mádàámù ni àwọn oníbàárà ń pè mí. Èmi tí ẹ ní mi ò mọ obẹ̀ ẹ̀gúsí sè! Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, wọn ò bá ara wọn jà.

Òjò ibí nìkan ni kò bá mi lára mu. Kì í rọ̀ kó dá bíi ti ilé, ńṣe ló ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún. Aṣọ kì í gbẹ. Ilẹ̀ sì tẹ́ lọ bẹẹrẹ, kò sí òkè kan, kò sí àpáta kan. Ní Ọ̀kà, ibi yòówù kí n dúró sí, àpáta kan wà lẹ́yìn mi. Níbí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnikẹ́ni lè gba ẹ̀yìn yọ sí mi. Ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, mi ò ní gbọ́ ohùn ẹnì kan tó jọ ohùn ilé àfi ti ọkọ mi. Fóònù ló wá di ilé fún mi. Ibẹ̀ náà ni olè ti rí mi mú.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ní Ìkàrẹ́. Láti Ọ̀kà lẹ ti ń kìlọ̀ fún mi nínú ọkọ̀, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wọn: ẹ ní ọmọ ilé tí mo bá bá níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ mi ni, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ ní kí n wò ó dáadáa, kí n fún un lórúkọ tó bá a mu. Nígbà tí wọ́n wá fa àbúrò ọkọ mi obìnrin wá síwájú mi, tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìbẹ́pẹ, mo ní Òpéléńgẹ́, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òpéléńgẹ́ náà ni mo kọ sínú fóònù mi. Ìyàwó mi ni òun ń pè mí, kì í pè mí ní nǹkan mìíràn.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́, inú mi ń dùn lásán bó ṣe máa ń dùn, fóònù mi dún. Òpéléńgẹ́ ni, mo rí orúkọ, mo rí àwòrán. Ó kí mi, ó pè mí ní Àǹtí, ó ní òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mi sí ibì kan, kóòdù kan ń bọ̀ wá sórí fóònù mi, kí n jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kíákíá. Lóòótọ́, kóòdù náà dé. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo kà á, Màámi, ojú mi kò fọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé Òpéléńgẹ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ọmọ ilé ọkọ mi ni. Ìyàwó tuntun wo ni ọmọ ilé á rán níṣẹ́ tí yóò ní kó dúró ná? Mo fi ránṣẹ́, mo tiẹ̀ fi àwòrán ẹ̀rín lé e. Àǹtí tó pè mí yẹn kò ta sí mi létí rárá. Kí n tó gé apá aṣọ náà tán, Wáàsáàpù mi ti kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní nọ́ńbà mi ti wà lórí fóònù mìíràn.

Ìgbà náà ni Òpéléńgẹ́ gan-an yá fóònù ẹlòmíràn, ó pè mí, ó ń sunkún. Ó ní olè ti gba tòun látàárọ̀, bí ohunkóhun bá wá láti ọ̀dọ̀ òun, kí n má dá a lóhùn. Mo ní ó ti bọ́. Òun ń bẹ̀ mí, èmi ń bẹ̀ ẹ́ lórí ìlà, owó fóònù ẹni ẹlẹ́ni ń lọ.

Àwòrán yẹn ló dùn mí jù. Ti ọjọ́ yìgì ni mo fi síbẹ̀, èmi nínú léèsì funfun, ẹ̀yin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ń tún gèlè mi tó fẹ́ tú so. Olè gbé ojú yẹn wọ̀, ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń dá àwọn èèyàn mi lóhùn. Ọkọ mi ní òun kò jowú rí láyé òun, àfi ọjọ́ tí òun rí ẹni tí òun kò mọ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó òun. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu mi.

Ọ̀dọ̀ yín ni ọkàn mi fò lọ. Gbogbo òwúrọ̀ lẹ máa ń fi àdúà ránṣẹ́ sí mi, ti ọjọ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ olè, ó sì ti mọ̀ pé ìyá mi ni yín. Ẹ̀yin kan náà lẹ ń kéde ọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù àsàlátù. Bí ẹ bá ní kí àwọn ìyá wọ̀nyẹn wá, wọ́n á wá. Bí ẹ bá ní kí wọ́n mú nǹkan wá, wọn kì í bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Màámi, orúkọ yín ni kọ́kọ́rọ́ ilé gbogbo wọn. Bí olè bá gba fóònù yín, ẹnu yín ni yóò fi tàn wọ́n jẹ, orúkọ tí ẹ ti ń fi sùúrù kọ́ láti ìgbà ọmọge yín á sì bàjẹ́ kí oúnjẹ orí iná tó jinná. Mo ń pè yín, ìlà ò lọ. Mo tún pè, wọ́n ní ẹ ń pe ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ọ̀gá mi ní ṣé èèrà wọ̀ mí láṣọ ni.

Àṣé èmi náà lẹ ń pè. Bí mo ṣe gbé e báyìí, kí n tó kí yín, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ṣé bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ẹ ní làálì ò tíì ṣí lẹ́sẹ̀ mi, mo ti ń pe ọmọ ilé lórúkọ gbàgàdà bí ẹni ń pe adìyẹ. Ẹ ní bí mo bá fẹ́ dójú tì yín, kí n kúkú bọ́ sí àárín ọjà Ọ̀kà kí n wá kígbe. Ẹ ní ẹ bá mi wí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ẹ fi èdè ilé wa là á mọ́lẹ̀ fún mi dáadáa, èmi wá ń kọ̀wé sí yín pé óòkéè mà! Ẹ ní óòkéè wo? Ta ni mo ń pè ní óòkéè?

Màámi, mo ń gbọ́ ọ, mi ò sì mọ ibi tó ti wá. Ìgbà tí ẹ mí díẹ̀ ni mo tó bèèrè. Ẹ wá ní ṣebí èmi ni mo kọ̀wé sí yín pé kóòdù kan ń bọ̀ lórí fóònù yín, pé ti àbúrò ọkọ mi ni, tí mo sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gbangba, orúkọ ọjọ́ kẹjọ. Mi ò lè kọ orúkọ náà síbí, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ. Mo bi yín bóyá ẹ ti fi kóòdù náà ránṣẹ́. Ẹ ní kóòdù kí ni, ṣé aláìlẹ́kọ̀ọ́ lẹ fẹ́ ṣe lóore ni? Ẹ ní kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì ná.

Mo sọ fún yín pé èmi kọ́, olè ni. Ẹ wá bèèrè bóyá olè náà gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ sí i. Mo ní ó gbọ́ ohùn, àmọ́ kò gbọ́ èdè. Ẹ ní ó ṣe yín láàánú, ẹ ò bá ti fi Yorùbá ìwé bú u.

Ẹ ti mọ̀ pé a ti gba Wáàsáàpù wa padà, èmi àti Òpéléńgẹ́. A dúró pẹ́ díẹ̀ nítorí olè ti fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sí i. Kọ́kọ́rọ́ kejì yẹn, nọ́ńbà tí èèyàn ń yàn fúnra rẹ̀, ni àwa náà ì bá ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà níbẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, bí fóònù bá dún, abẹ́rẹ́ á gún mi lọ́wọ́. Ọkàn mi ò tíì sinmi, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó sinmi.

Òpéléńgẹ́ gòkè láti Ìkàrẹ́ wá bá yín nítorí kọ́kọ́rọ́ yìí, ẹ fún un ní iyán jẹ, ẹ bu ẹran sí i, ẹ ní kó máa lọ ilé. Ẹ ní ẹ ò ní nǹkan tí olè lè jí. Ẹ ní ìbínú yín tó kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi gbè yín, ó ní ìbínú ìyá òun le ju irin tí òun ń gé lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ ti sọ ìtàn náà ní àsàlátù, ẹ sọ ọ́ lọ́jà, ẹ sọ ọ́ nínú mọ́tò Ìkàrẹ́ débi pé dírẹ́bà gbàgbé ibi tí ẹnì kan fẹ́ sọ̀. Olè tó ń bọ̀ ti gbọ́, Màámi. Ìyẹn ò ní pe ọmọ ilé lórúkọ mọ́. Kí lẹ máa wá bínú sí?

Páswọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń ṣí fóònù yín sì nìyẹn, oríkì mi lẹ fi ṣe é. Oríkì tí ẹ ń fi ń jí mi láàárọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, tí ẹ tún fi kì mí nínú fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n pín kárí Àkókó! Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ fi ìfẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́nu, ẹ mú un kúrò nínú fóònù.

Òpéléńgẹ́ ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kó fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà hàn yín, kó wá kọjú sí ògiri nígbà tí ẹ bá ń tẹ nọ́ńbà yín. Ẹ ní kí n bá yín yàn án, kí n sì bá yín pa á mọ́ sọ́dọ̀. Màámi, mi ò kọ iṣẹ́ yín rí láyé mi. Mo kọ èyí. Ẹ má sọ ọ́ fún èmi pàápàá, torí ọjọ́ tí mo bá bi yín léèrè rẹ̀, èmi kọ́ ni.

Bí ẹ bá sì fẹ́ dán mi wò lórí fóònù, ẹ bi mí pé kí ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi. Kì í ṣe Òpéléńgẹ́ o. Òpéléńgẹ́ ti di ti gbogbo ayé láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ síbí. Mo ti fún un lórúkọ kejì, òun àti ọkọ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín sí i títí di òní. Bí a bá wálé fún Iléyá, n ó sọ ọ́ sí yín létí nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ojú yín á rí ọmọ mi, ẹ ó gbé e pọ̀n, ẹ ó sì rán an níṣẹ́. Olè ò ní fi orúkọ yín ṣe aṣọ wọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí òkè, ẹ kí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa.

Èmi ni ọmọ yín. Orúkọ mi, ẹ̀yin ẹ fi ẹnu yín pè é, mi ò ní kọ ọ́.