Gbágungbàgun: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Tí Ẹsẹ̀ Wọn Kò Gbàgbé

Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí Bàbá sí ní ọdún 1946. Ìyá wọn ń fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá náà bí, Bàbá nìkan ló ṣẹ́kù fún wọn.

Ní ọdún 1953, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ yé wọn. Olùkọ́ wọn a máa ní bí Bàbá bá ti bọ́ sórí pápá bọ́ọ̀lù, kí olúkúlùkù tètè wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Ní ọdún 1967, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin gbà wọ́n síṣẹ́. Wẹ́dà tó ń jó irin ni wọ́n lówùúrọ̀, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni wọ́n nírọ̀lẹ́. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló sọ wọ́n ní Gbágungbàgun, nítorí kò sí ẹni tó gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá tí ara rẹ̀ lélẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń pìtàn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù iwájú kan tí inú dédé bẹ̀rẹ̀ sí í run láàárọ̀ ìdíje, nígbà tó gbọ́ pé ara Bàbá ti yá.

Nọ́ọ̀sì tó rán iwájú orí wọn lẹ́yìn ìdíje kan ni wọ́n fẹ́ ní ọdún 1971. Ìyá, ìyàwó wọn yìí, kò wá wo bọ́ọ̀lù rí. Bàbá kò gbọ́wọ́ sókè sí Ìyá rí. Nínú ilé àdúrà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Bàbá ń jókòó sí, torí orúnkún tí kò ká mọ́. Wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 2014, iyè Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Dókítà ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fi orí kàn láti ọjọ́ pípẹ́ wá ló fà á. Wọn kò mọ ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá gba iwájú àga wọn kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ Bàbá á yọ síta, onítọ̀hún á ṣubú. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń mọ̀ọ́mọ̀ wá kọjá, kí Bàbá lè gbé àwọn ṣubú. Àkọ́bí wọn obìnrin, aránṣọ tó ń tọ́jú wọn, bẹ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yìí títí kí wọ́n jáwọ́. Wọ́n ní, “Àǹtí, ẹ má gba ayọ̀ lọ́wọ́ Bàbá.”

Ní òwúrọ̀ kan ní ọdún 2018, Ìyá gbé oúnjẹ kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá yọ. Egungun ìbàdí Ìyá kán, wọn kò sì dìde mọ́ títí wọ́n fi kú. Bí Ìyá ṣe ṣubú, Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń bẹ rẹfirí. “Bọ́ọ̀lù ni mo gbá,” ni wọ́n wí.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń bi aránṣọ yìí pé, “Ìyàwó mi dà?” Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí iyè Bàbá tiẹ̀ padà dé fún ìgbà díẹ̀, kí òun bínú sí wọn, kí òun sì dárí jì wọ́n. Ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe, báwo la ṣe ń dárí jì í? Iyè Bàbá kò dé títí ọlọ́jọ́ fi dé, ní ọdún 2022.

Ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje ni wọ́n fi sáyé lọ.

Àwọn ènìyàn ń gbàdúrà pé kí iyè Bàbá sọjí lọ́run. Àkọ́bí wọn kò lè ṣe àmín sí i. Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹ sùn wọra. Ẹ má rántí.