Àyè Mẹ́rin Tó Ṣófo Lórí Káàdì Lois

Abúlé Fájánà,
lẹ́bàá Kọ́bapẹ́,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀ṣunrẹ̀mí ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

O kú iṣẹ́, o kú wàhálà Èkó, o kú àìsùn òru tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn ń kó bá ọ. Mo kí Túbọ̀sún ọkọ rẹ. Ṣé ara yín le? Ṣé omi ń yọ nínú ilé tuntun tí ẹ kó lọ? Ògún tó ni irin yóò máa ṣọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ tí o ń bá ṣiṣẹ́, kò ní gé ọ lọ́wọ́, kò ní bá ọ jà. Àwa níhìn-ín ń bẹ lálàáfíà, ẹ̀gẹ́ ti ta, ewúrẹ́ ìyá rẹ bímọ méjì. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní orúnkún òun ti sàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo òbí ilé ìwé Lois, ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún náà ṣáájú rẹ. N ó ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, tí n kò fi fóònù pè ọ́. Fóònù tí o rà fún mi wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àwọn òbí tó kù wà, ohun tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ohun tó yẹ kí òbí mọ́kànlélógójì gbọ́. Sàlàhúdíìnì tó ń wakọ̀ láti gáréèjì Kútò lọ sí Èkó ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ lọ́la, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó má ṣí i.

Láti oṣù tó kọjá ni ilé ìwé ti kó gbogbo òbí kíláàsì Lois jọ sínú Wọ́sáàpù, wọ́n ní kí a lè máa mọ ohun tó ń lọ, kí a sì máa dá sí i. Ó dùn mọ́ mi, nítorí nígbà tí ẹ̀yin ń lọ sílé ìwé, àfi tí ẹ bá fọ́ fèrèsé kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, tíṣà wọn, Ìyáàfin Olúbọ̀dé, kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kí gbogbo òbí. Wò ó, báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ wọlé bá àgbà mọ́kànlélógójì kó má kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Mo kí tíṣà, mo kí ìyá Àfúsá, mo bèèrè ọkọ rẹ̀, mo kí bàbá Herbert, mo bi í bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, n kò sì lè lọ sóko mọ́. Àwọn tí kò dáhùn, mo tún wọn kí, mo rò pé wọn kò gbọ́ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ibi tí mo ń kọ̀wé sí ti pa dé, wọ́n ní tíṣà nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn òbí tó dá sí i. Inú mi dùn sí i, ó ti rí i pé ọwọ́ ń ro mí, ó ní kí n sinmi.

Ti orúnkún yẹn, ìwọ ni mo fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pé ó ti wú, pé ìyá rẹ sì ń kanra mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí inú Wọ́sáàpù ló lọ. Kí n tó mọ̀, ẹnìkan ti ní kí á fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ìyá Àfúsá sì fi ìpara rán ọmọ rẹ̀ sí Lois. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n orúnkún ti sọ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ilé ìwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan tó ní ogún ìlà, ìlà kan fún ọjọ́ kan, Mọ́ńdè sí ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ yóò kàwé sí òbí létí nírọ̀lẹ́, òbí yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá kún ni yóò kàwé níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá wo ilé ìwé. Mi ò pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ. Lois á kà á ní gẹ̀ẹ́sì, á sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, a ó sì jọ rò ó. A ka ti ọmọkùnrin tó sọ agbòjò bàbá rẹ̀ nù, mo ní bàbá ọmọ ló jẹ̀bi, ta ní ń kó agbòjò fún ọmọdé? Lois kò gbà, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí i. Mo bi Lois pé kí ni wọ́n kọ síbi ìfọwọ́sí, ó ní òbí ni wọ́n kọ. Mo ní òbí rẹ wà ní Èkó, ó sì wà láàyè. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Ọdún mọ́kànlá tí àbúrò mi Ògúnkúnlé fi wà ní Kùtọnu, ta ló jókòó sí àyè rẹ̀ nípàdé ẹbí? Nígbà tí a fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, a fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi dé. Ìgbà tí mo bá wá kọ orúkọ mi síbi tí orúkọ ọmọ mi yẹ kó wà, kí ni mo ń sọ pé ó ṣe é? Mo fi gbogbo ogún ìlà sílẹ̀ fún ọ ní mímọ́ tónítóní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà kọ ọ́ sínú Wọ́sáàpù pé òbí kan wà tí kò tẹ́tí sí ọmọ rẹ̀ rárá, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dùn mí púpọ̀. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ fèsì, mo ní irú òbí bẹ́ẹ̀ kò ṣe dáadáa, kó ronú ara rẹ̀ wò, mo sì ṣàdúrà kí Olódùmarè yí i lọ́kàn padà. Òbí méje ṣe àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé káàdì Lois síwájú mi, ó ní orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí yóò kàwé. Ìgbà náà ló yé mi, ọmọ mi. Èmi ni mo ti ń gbàdúrà lé ara mi lórí. Mo rò fún un bí mo ṣe rò fún ọ yìí. Kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́, ló bá pe Lois, ó ní kó sọ ohun tó wà nínú àwọn ìwé náà. Lois sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì sọ ibi tí mo ti ṣì í rò nínú ọ̀rọ̀ agbòjò. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ ọ ni kó fọwọ́ sí i, ó sì fún mi ní bírò.

Mo ń fọwọ́ sí i lọ ni Lois bá di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má fọwọ́ sí ti ọjọ́ Ẹtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, màmá òun ló ni àyè wọ̀nyẹn, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni màmá òun kì í lọ síbi iṣẹ́. Tíṣà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mi ò bá a wí, nítorí ẹ̀kọ́ mi ló fi ń dá mi lóhùn. Tíṣà wá ní òun yóò dúró di Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ó ní bí o bá gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì náà, ìyẹn tó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n kọ orúkọ rẹ sí i, kí n sì kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn, ẹlẹ́rìí kì í gba àyè ẹnikẹ́ni.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó ìbọ̀sẹ̀ funfun rán Sàlàhúdíìnì, wọ́n ní òun ni ọmọ yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, kí o fi owó awò ojú mi kún un, kí o sì fi ti dátà sí i, fóònù yìí ń jẹun ju ewúrẹ́ lọ. Ìyá rẹ ní kí n kọ ti ìpara pẹ̀lú. Bí kò bá sí, má dààmú, ohun tí o bá rí náà ni a ó máa lò. Iṣẹ́ rẹ kò ní di èyí tí ẹlòmíràn ń jẹ èrè rẹ̀. O kò ní ṣiṣẹ́ títí kí o má rójú rí ọmọ rẹ. Wàá pẹ́ fún wa.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, la ó pè ọ́. Mo mọ̀ pé oorun ló ń kùn ọ́ ní gbogbo ìgbà tí o bá ní wàá tún pè wá padà, n kò sì dá ọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Lois ní kí n bi ọ́ léèrè bóyá wàá lè gbọ́ ọ dópin, nítorí ìwé náà ní ojú ewé mẹ́rìnlá, ó sì ti ń kọ́ bí òun yóò ṣe kà á kíákíá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnyọmí.