Ohun Tí Mo Fi Sílẹ̀ Kí N Tó Gba Àyè Bàbá Mi Lọ sí Mẹ́kà

Èmi, Wahyuning Sekarsari, ọmọ olóògbé Sarbini tó ń ta wàrà sóyà díndín nílùú Lumajang, apanilẹ́rìn-ín orí ìtàgé, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ara mi le, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ẹni tó ń lọ sí Hájì a máa to ilé rẹ̀ kó tó jáde. Ratih Kumalasari, tó ń ṣí eré fún mi, àti Pak Tukiran, bàbá tó ń wakọ̀ wa, ni mo yàn láti mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ.

1. Oko ìrẹsì àti owó báńkì: òfin ẹ̀sìn ti pín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi, n kò fọwọ́ kàn án. Ìdá kan nínú mẹ́ta tí òfin fún mi láyè láti fi tọrẹ ni mò ń pín, àti àwàdà mi, tí òfin ogún kankan kò mẹ́nu bà.

2. Bọ́ọ̀sì kékeré tí a fi ń rìnrìn àjò eré di ti Pak Tukiran. Ilẹ̀kùn ọ̀tún kì í ṣí, wọ́n mọ̀. Láti ọdún tó kọjá, ibẹ̀ nilé mi. Ibẹ̀ la ti ń jẹ ìrẹsì inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń sá aṣọ eré. Bí ìlú kan kò bá rẹ́rìn-ín, Pak Tukiran kì í bá mi kẹ́dùn. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi, itẹ́ òkú ìlú wa gan-an láriwo ju ibí lọ. Jẹun." Ọlọ́run á san án fún wọn.

3. Makirofóònù mi àti gbogbo ìlú tó kù nínú ìrìn àjò eré wa di ti Ratih. Ní Jember, ẹ̀rín máa ń pẹ́ kó tó dé. Dúró dè é. Àwọn obìnrin Bondowoso máa ń fọwọ́ bo ẹnu; èjìká wọn ni kí o máa wò. Ará Sumenep yóò dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí o gba eré padà. Mo jẹ àwọn apẹja Muncar ní gbèsè ìdajì eré, nítorí òjò orí páànù bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Bá mi san án.

Ní ti ìjà wa ní Probolinggo, nígbà tí o ní, "Ṣé eré lò ń ṣe ni àbí ò ń ṣọ̀fọ̀? Sọ̀rọ̀ sókè jàre!": n kò sọ̀rọ̀ sókè, àwọn òǹwòran sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo jàre.

4. Àwàdà adìẹ di ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo, Mas Priyo. Èyí gba àlàyé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá wa fi dúró de àyè Hájì lórí ìlà ìjọba. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á máa yí tánkì omi ẹ̀yìnkùlé po, kí ẹsẹ̀ wọn lè ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí Káábà po kí wọ́n tó dé ọ̀hún. Àwọn adìẹ á tò tẹ̀ lé wọn, wọ́n rò pé oúnjẹ ni. Bàbá kú kí àyè tó kàn wọ́n. Lórí ìtàgé, mo máa ń sọ pé: "Bàbá mi ò dé Mẹ́kà, àmọ́ gbogbo adìẹ ilé wa ti di Alhaja. A ò lè pa wọ́n mọ́. Ta ló máa fi Alhaja se ọbẹ̀?"

Àyè ẹni tó kú lè bọ́ sọ́wọ́ ẹbí kan, bí gbogbo ajogún bá fọwọ́ sí i. Ìyá mi, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ, yàn mí. Mas Priyo kọ̀. "O fi bàbá wa ṣẹ̀sín kiri ìlú, o tún fẹ́ gba àyè wọn? Búra pé o ò ní sọ ọ́ mọ́, màá fọwọ́ sí i." N kò búra. Bí mo bá búra, á jẹ́ pé mo lọ sí Mẹ́kà láìmú bàbá mi dání.

Nígbà tí eré wa dé Lumajang, Mas Priyo fi alùpùpù gbé ìyá wa wá, kí wọ́n lè fetí ara wọn gbọ́ ìsọkúsọ mi. Ìyá mi kò wo eré mi rí. Mo rí wọn ní ìlà kejì. Mo sọ àwàdà adìẹ náà, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Gbogbo èrò gbọ̀ngàn ló mọ bàbá mi. Ojú ìyá mi ni wọ́n ń wò.

Ìyá mi dìde. "Irọ́ ni! Ṣé adìẹ nìkan ni? Priyo yìí ńkọ́? Ọmọ ọdún márùn-ún, tó ró àpò ìrọ̀rí mọ́dìí, tó wà lẹ́yìn wọn, tó ń pariwo pé kí àkùkọ má ya ìlà! Ẹ bi í!"

Ẹ̀rín sọ, àwọn kan bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Mas Priyo bo ojú. Ẹkún ni wọ́n ń sun, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí ìwé àyè Hájì náà lórí pátákó tí bàbá ti máa ń gé wàrà. Wọ́n ní, "Àpò ìrọ̀rí náà, aláwọ̀ ewé ni. Bí o bá máa sọ ọ́, sọ ọ́ dáadáa."

5. Bí mo bá kú sí Mẹ́kà, kí wọ́n sin mí síbẹ̀. Kí eré má dúró.

Mo fọwọ́ sí i ní Lumajang, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, ọdún 2024.
Wahyuning Sekarsari

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Pak Matraji, lémọ́ọ̀mù àdúgbò
Ibu Juwariyah, aládùúgbò

Òfin ò jẹ́ kí ajogún jẹ́rìí, torí náà n kò jẹ́rìí. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí pé n kò gba ogún kẹrin yẹn, àwàdà adìẹ. Kó padà wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀.
Priyo