Ẹ̀jẹ̀ Bánkólé

Jos, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹjọ, 1986

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́! Ọpẹ́ o!

Láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó Bánkólé ni ara rẹ̀ ti ń funfun, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá ti rìn díẹ̀. Adúmáadán, àbúrò rẹ̀ tó fún un ní kíndìnrín kan, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Amarya, ìyàwó wa, jẹ́ kí bùrọ̀dá mi sinmi lálẹ́ o!" Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí.

Lónìí, dókítà ní oògùn olóròóró tí mò ń pò mọ́ mílíìkì fún un ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dínkù. Òun ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ bá kíndìnrín àbúrò rẹ̀ jà, síbẹ̀ ó ń yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín náà lẹ́nu. Àwọn ló ń ṣe èròjà tó ń rán mùdùnmúdùn eegun níṣẹ́ pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Èròjà náà ti dínkù. Ó ní kí a dín oògùn náà kù díẹ̀, kí a má dá a dúró.

"Èmi ò lò ó mọ́," Bánkólé wí.

Adúmáadán ò rẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, kíndìnrín mi lẹ pa yẹn."

A padà sílé wa ní Angwan Rukuba.

Nírọ̀lẹ́ yìí, mo gbé ife fún un. Ó mu ún. Òróró ṣẹ́ kù sí ìdí ife, ó sì fúnra rẹ̀ bu mílíìkì sí i, ó fi ṣan ife náà, ó mu ìyẹn náà.