Wọ́n Sin Yín Nígbà Tí Mo Ń Ṣọ́lé

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ìyá mi tòótọ́,

Ẹgbẹ́ wa ti já bọ́ padà sí líìgì kejì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í yé yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe nídìí àtẹ yín nígbà tí ọjà bá dá. Líìgì àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifísọ̀n. Líìgì kejì ni tiwa: pápá eléruku, ọkọ̀ tó ń bàjẹ́ sójú ọ̀nà, àga tí kò sí ẹni tó jókòó lé. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa nínú ti kejì á gòkè. Èyí tó bá ṣe burúkú lókè á já bọ́ sísàlẹ̀. A gòkè lọ́jọ́ tí ẹ kú. Sáà kan ṣoṣo la lò lókè. A ti padà síbi tí a wà nígbà tí ẹ wà láàyè, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Gbogbo nǹkan ló padà sáyè rẹ̀, àfi ẹ̀yin.

Ṣé torí èyí náà ni, Ìyá? Ṣé torí sáà kan yìí ni?

Ẹ ò wọ pápá rí láyé yín. Ẹ máa ń sọ pé àwọn yòókù ń sáré kiri, èmi nìkan ni wọ́n dá dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ, kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ń jẹ mí níyà. Tí mo bá ti ìrìn àjò bọ́ọ̀lù dé, ẹ kì í bi mí pé ta ló borí. "Ṣé wọ́n fún yín lóúnjẹ?" ni ìbéèrè yín. Ẹ á gba ìbọ̀wọ́ mi, ẹ á fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ẹ á gbé e kọ́ sórí igi méjì tí ẹ rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní àdúgbò N'Gattakro, kí ìka rẹ̀ lè kọjú sókè kí ó tètè gbẹ. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sá fún un. Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó na ọwọ́ jáde láti inú ilẹ̀.

Nígbà tí mo ń kúrò nílé lọ́sẹ̀ tí ẹ kú, ara yín le koko. Ẹ ń di ìkòkò àti abọ́ tí ẹ fẹ́ gbé lọ tà ní ọjà Languibonou. Ẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ ní kí n má gbàgbé aṣọ ìbora torí òtútù. Òtútù wo, Ìyá, nínú ooru ìlú Bouaké? Ẹ̀yìn yín ni mo rí gbẹ̀yìn, bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹ ń fa okùn.

Òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú níbí ni wọ́n kó wa sí kí a lè múra sílẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn. Tí a bá borí, a gòkè. Tí a ò bá borí, ẹgbẹ́ mìíràn ló máa gòkè. Kóòṣì gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wa kí ọkàn wa má baà pín. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn ò jìnnà sílé wa rárá. Alùpùpù takisí á gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín kí omi tí wọ́n gbé kaná tó hó.

Ní Languibonou ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé yín ṣubú nídìí ọjà yín. Wọ́n gbé yín padà sí Bouaké nírọ̀lẹ́. Dókítà wò yín, ó ní ó ti pẹ́ jù, kí wọ́n máa gbé yín lọ sílé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá yín, ṣùgbọ́n ọ̀sán ò bá yín. Wọ́n kírun sí yín lára lẹ́yìn Àìlà, wọ́n sì gbé yín lọ.

Èmi ò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Lówùúrọ̀ yẹn mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Mo fá irùngbọ̀n mi. Mo padà sórí ibùsùn, mo ń wo àjà, mo ń ro ibi tí bọ́ọ̀lù lè gbà wọlé.

Nígbà tí ọkọ̀ wa dé ẹnu ọ̀nà pápá, obìnrin kan tó ń ta omi tútù lọ́jà, tí àyè rẹ̀ ò jìnnà sí àtẹ yín, sáré wá pàdé mi. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń fi èdè Jùlá ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣàánú, kí Ó sì fún wa lókun. Mo rò pé torí bọ́ọ̀lù ni. Mo ní, "Àmín!" Mo rẹ́rìn-ín sí i. Obìnrin náà jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó sún sẹ́yìn. Ojú tó fi wò mí ò yé mi nígbà náà. Ó ti yé mi báyìí: ó ń wo ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ jáde nílé, tó ń fi eyín ṣeré.

A gbá góòlù kan wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n fún àwọn alátakò wa ní pẹnáritì. Mo fò sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù bà mí níka, ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó jáde. Gbogbo pápá dìde. "Anago! Anago!" ni wọ́n ń kígbe. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ yẹn mọ́ àwa Yorùbá lójú nínú ọjà tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dìjà. Lọ́jọ́ yẹn, orin ni lẹ́nu wọn. Mo sunkún ayọ̀ láàárín òpó méjèèjì. Mo rò pé a ti di ọmọ ìlú.

Wọ́n gbé mi sọ́rùn. Nínú yàrá ìwọṣọ, wọ́n da omi lé mi lórí. Alága ẹgbẹ́ dì mọ́ mi, ó ní kí wọ́n ya wá ní fọ́tò. Ó ti mọ̀. Kóòṣì ti mọ̀ láti àárọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n sì jẹ́ kí n jó. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo jó, Ìyá? Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo gun orí bẹ́ǹṣì, mo jó títí òógùn fi bò mí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò tán ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Ẹ̀gbọ́n Búràímọ̀. Mo sáré lọ bá a, mo gbé e sókè bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan fìlà rẹ̀ jẹ́ kí n gbé òun. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ ni mo rí erùpẹ̀ pupa tútù létí ṣòkòtò funfun rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ gbà tí ẹ fi ń tẹ ẹrẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Ìyá tán ni," ó wí.

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀rín náà ò tètè kúrò lójú mi. Mo rántí pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Nílé, nígbà tí àwọn tó wá kí wa dín kù, mo bi í pé kí ló dé tí kò ránṣẹ́ pè mí.

"Gbogbo ìlú ló ń wo ọwọ́ rẹ," ó ní. "Tí o bá fi wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n sì pàdánù, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi? Àwa Anago ni. Ọmọdé ni Ìyá nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní Gánà. Ṣé níbí náà lo fẹ́ kí wọ́n ti lé wa?"

Lẹ́yìn náà ló fi èyí tó burú jù lé e.

"Ìyá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí a má pè ọ́, kí a jẹ́ kí o gbá bọ́ọ̀lù rẹ tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kiri láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ mìíràn á tù mí nínú: mo ń sọ pé ìyá mi fẹ́ kí n gòkè. Ní ọjọ́ mìíràn, inú á bí mi sí yín débi pé mi ò lè pe orúkọ yín nínú àdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìyàtọ̀ góòlù àti pẹnáritì, báwo lẹ ṣe wá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju ojú mi lọ? Mo bi yín léraléra. Ẹ ò dáhùn.

Ní líìgì àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù yára ju ọwọ́ mi lọ. "Anago" tí wọ́n fi ń kọrin tún di èébú. Wọ́n ní kí n padà sílùú wa. Ìlú wo? Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ tí mi ò dé rí? Wọ́n mú gólì mìíràn wá láti Abidjan kí ó máa ṣọ́lé, èmi sì ń jókòó ti kúlà omi. Ìgbà tí a já bọ́, gólì náà bá tirẹ̀ lọ. Alága tún ránṣẹ́ sí mi, ó ní ọmọ ilé ni mo jẹ́. Mo lọ. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe, Ìyá?

Mi ò dé ilé Ẹ̀gbọ́n Búràímọ̀ mọ́ láti ìgbà tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Ọmọ tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún tọrọ fún wọn lẹ́yìn gbogbo ìrun ti dé. Obìnrin ni, iwájú orí yín ló gbé wá. Àwọn àgbà ẹbí ní kí n fi ìjà sílẹ̀ torí ọmọ tuntun, kí n wá. Mo wá ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ. Àǹtí Síkírá, àbúrò yín, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà tí ẹ kú, ti dé láti Languibonou. Mi ò tíì rí wọn láti ọjọ́ àdúrà yín. Wọ́n ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn ṣà á.

Láìgbójú sókè ni wọ́n sọ ọ́. "Kí Ọlọ́run dárí jì wá lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ìyá rẹ dúró dè ọ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n."

Mo ní, "Wọ́n dúró dè mí báwo, Àǹtí?"

"Ahọ́n wọn ti wúwo, ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n á lajú, wọ́n á ní, ṣé ó ti dé? Búràímọ̀ á ní, ó wà lójú ọ̀nà, Ìyá, ó ti gun alùpùpù. Wọ́n á tún pajú dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yíjú sí."

Ọwọ́ wọn dúró nínú ìrẹsì. Wọ́n wá wo ojú mi.

"Ṣé kò sọ fún ọ ni?"

Mo dìde, mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé. Ó purọ́ fún yín pé mò ń bọ̀. Ó tún wá purọ́ fún mi pé ẹ ò fẹ́ kí n wá. Àwa méjèèjì, Ìyá, ó fi wá sílẹ̀ sí ìhà méjì ìlẹ̀kùn kan náà.

Ní ọjọ́ kejì, àlùfáà sọ ọmọ náà ní Rábíátù, orúkọ yín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ẹbí fún un ní orúkọ Yorùbá. Wọ́n pè mí síwájú. Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n rò pé ìjà ti parí. Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́. Ó ń sùn.

Mo ní, "Ìyábéèrè."

Wọ́n ṣe àmín. Omi bọ́ lójú ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Ó ní òótọ́ ni, Ìyá béèrè ọmọ yìí lọ́wọ́ Ọlọ́run títí wọ́n fi lọ. Orúkọ náà dùn létí gbogbo wọn. Àǹtí Síkírá nìkan ló fi etí gèlè bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n Búràímọ̀ ń gbé omi fún àwọn àgbà. Ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, àgbàlagbà tó fẹ́ gbà á sì na ọwọ́ títí.

Ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì.

"Ọmọ ni, àbúrò mi. Kò mọ nǹkan kan."

"Èmi náà ò mọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn."

"Yí i padà. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ yí i padà fúnra yín," mo ní. "Ẹ sáà ti sọ ìdí rẹ̀ fún ìyàwó yín."

Ṣé mo ṣe é burú, Ìyá? Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo gbé e, ó di ìka mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe, mo sì ṣe é. Ẹ̀yin ẹ̀ bá gbá mi létí, àbí ẹ ò ní gbá mi?

A ṣì dúró sẹ́nu géètì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ké sí i láti inú ilé. Ó ń fi orúkọ tuntun náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìyábéèrè! Ẹ wá gbé ọmọ yín!"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Obìnrin náà tún pè é, ó gbé ohùn sókè kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Ẹ sùn re, ìyá mi ọ̀wọ́n.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ béèrè.