Ìdí Tí Mo Fi Ń Kí Àgbà Lórí Ìdúró

Ẹ̀yìn ọjà Ochanja,
Onitsha.

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn àbúrò mi. Mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́. Ara tèmi le, àfi pé n kì í rí ẹni bá sọ Yorùbá títí ìyáàfin Súlìyát, aránṣọ tí mo wọ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀, á fi ti ṣọ́ọ̀bù dé.

Ẹ mọ̀ pé ìwádìí tí mo fẹ́ fi gba oyè kejì ló gbé mi wá: mò ń fi bí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe ń yan olórí wé bí àwọn tó ń ta aṣọ ní ìlà ìsọ̀ kan nínú ọjà yìí ṣe ń yan tiwọn. Ti Ìsẹ́yìn ti parí. Àwọn ti ibí máa dìbò lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì pín sí: àwọn kan wà lẹ́yìn alága tó wà lórí oyè, àwọn yòókù wà lẹ́yìn Màdáámú Nwakaego.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, alága fún mi ní àga àti omi tútù. Mo kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ṣe kọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti dé ìsọ̀ àwọn ti Màdáámú, wọ́n á kọjú sí aṣọ tí wọ́n ń ká. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fi mọ ohun tí mo ṣe. Mo kàn ń jókòó, mò ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo rí tó kúnlẹ̀, ọkùnrin kan tó ti lọ sọ́dọ̀ Màdáámú ni, tó wá bẹ alága pé òun ti padà sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi. Wọ́n ti kà mí mọ́ ti alága.

Dókítà Adékọ́lá, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, sọ lórí fóònù pé bí apá kan ṣoṣo bá dáhùn ìbéèrè mi, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Kí n máa bọ̀, kí n wá àkọlé mìíràn. Ọdún kan mi lọ nìyẹn. Èmi tí n kì í bá àgbà jiyàn, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dúró lóòró gangan níwájú Màdáámú, mo ní, "Good afternoon, Mama."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Wetin I do you wey you no kneel for me?"

Àwọn obìnrin tó yí i ká bú sẹ́rìn-ín. Mo fi Píjìn mi tí kò já gaara ṣàlàyé pé ìkíni lásán ni ìkúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àti pé bí mo bá kúnlẹ̀ fún òun náà, àwọn ti alága á ní mo ti yí padà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "This one sabi politics pass all of una," ó sọ fún wọn, ó sì fa àpótí kan fún mi. Àwọn mẹ́jọ ló dá mi lóhùn kí wọ́n tó palẹ̀ ọjà mọ́.

Màmá, bí ẹnikẹ́ni bá ròyìn fún yín pé ọmọ yín ń kí àgbà lórí ìdúró ní Onitsha, òótọ́ ni. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ilé.

Ọlọ́hun á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Ẹ ó rí èrè wàhálà yín lórí wa.

Èmi ni àkọ́bí yín,
Sakeenah.

Àfikún: Lọ́la ni mo máa padà sọ́dọ̀ alága. Ó ṣe mí lóore, àgbà sì ni, ṣùgbọ́n n kò ní kúnlẹ̀ fún òun náà mọ́. Bó bá bínú, n ó dúró síbẹ̀ títí yóò fi bi mí ní ìdí rẹ̀.