Ìpàdé Rẹ Ló Fún Mi Lọ́kọ

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ilẹ̀kùn yàrá rẹ tí kì í tì dáadáa ti ń tì báyìí? Ọlọ́run tí o ní kò sí yóò máa ṣọ́ ọ, kì í bínú sí ọmọ tó ń jiyàn, òun ló kúkú fún un lẹ́nu. Àwa ńkọ́? A wà, a tiẹ̀ ju wíwà lọ. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ti fi bírò sílẹ̀ kí n lè yọjú lójú wíńdò wo ọkọ mi níbi tó ti ń fá pákó. Mo ní ọkọ mi. Jẹ́ kí n tún un kọ, torí ó dùn ún kọ: ọkọ mi.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́. Káfíńtà wọlé, òjò jáde. Ìyá àgbà tó ń gbé ní òdìkejì ní kí n kí ọ, ó ní ẹ̀rín mi kì í jẹ́ kí òun rí oorun ọ̀sán sùn mọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé o ò gbé ìpè mi mọ́. Àbúrò rẹ obìnrin ní o ní ojú ń tì ọ́ pé mo tún lọ́kọ, o ní kí lo máa wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ìyá rẹ tó yẹ kó máa retí ọmọ-ọmọ ló lọ ń ṣe ìyàwó káfíńtà. Ó yà mí lẹ́nu, ọmọ mi, torí èmi rò pé wàá máa fi wá yangàn ni. Ìwọ kọ́ ni alárinà wa ni? Ó lè jẹ́ pé o ti gbàgbé, nǹkan máa ń pọ̀ lórí ẹ̀yin tí ẹ ń ronú jinlẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n rán ọ létí.

Ṣebí ìwọ lo kó ìpàdé yín wá sílé nígbà ìsinmi, ìpàdé àwọn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn ronú, tí ẹ sì jókòó nínú kíláàsì ilé-ìwé àdúgbò wa, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Mo wá torí pé ọmọ mi ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wọ aṣọ ìsìn, mo mú owó ọrẹ dání, mo wá àpótí ọrẹ títí, mi ò rí i. Mo ní ìjọ yìí mà dára o. Ọ̀gbẹ́ni onígíláàsì tí ẹ jọ wá ní kò yẹ kéèyàn gba ohunkóhun gbọ́ láìbéèrè ìdí. Mo nawọ́, mo béèrè ìdí. Ó ní kí n jókòó ná. Òun náà ló sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì gùn, àmọ́ àwọn ọmọbìnrin méjì tó bá yín wá kò gbọ́ ìdajì ẹ̀, torí ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n wà tí wọ́n ń fọ ife tí ẹ fi mu omi. Mo dìde pé kí n lọ bá wọn fọ̀ ọ́, àfi bí mo ṣe rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, tó ń ṣan ife. Káfíńtà ni. Torí bẹ́ǹṣì kan tó ń mì ni wọ́n ṣe pè é, ó sì ti kan ìṣó ẹ̀ tán, ó kàn ní òun ò lè jókòó kí ẹlòmíì máa ṣiṣẹ́ ni.

Ìgbà yẹn ni ìwọ náà dìde. O ní àgbàlagbà ló ni ara rẹ̀, ìjọ kò ni ín, ẹbí kò ni ín, ọmọ tó bí gan-an kò ni ín, bó bá fẹ́ lọ́kọ kó lọ́kọ. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi pọ́n. Káfíńtà gbé ife ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí. Èmi náà wò ó. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, tí ẹ ṣì wà ní jẹ́léósinmi, bí èèyàn bá yíjú sí mi, wọ́n fẹ́ kí n bá wọn gbé nǹkan ni. Ti káfíńtà yàtọ̀.

Nígbà tó wá sọ tẹnu ẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, mi ò ṣe é lẹ́yìn rẹ. Mo kọ ọ́ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́, mo béèrè bóyá kí n gbà. O ò kọ nǹkan kan padà, ṣùgbọ́n o máàkì í. Èmi náà lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, mo mọ ohun tí tíṣà ń fi sí ìṣirò tó bá tọ̀nà. Méjì lo sì fi sí i, aláwọ̀ búlúù! Tíṣà tiwa kò fún ẹnikẹ́ni ju ẹyọ kan lọ rí. Mo sáré lọ fi han káfíńtà níbi tó ti ń fi ayùn rẹ́ pákó, mo ní ọmọ mi ti gbà, ó tiẹ̀ gbà fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí ìtí igi, omi bọ́ lójú ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò rẹ wá ń sọ báyìí pé máàkì yẹn kò ju pé o ti kà á lọ. Mo ní kó yéé parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ọmọ tèmi, kó ka irú ọ̀rọ̀ yẹn láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ tán, kó wá dákẹ́? Rárá o.

Pásítọ̀ náà kò ràn wá lọ́wọ́. Ó ní òun ò lè so mí pọ̀ mọ́ ẹni tó jókòó nínú ìpàdé yín, àfi tó bá kọ́kọ́ lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọkọ mi ní kò burú, òun lòun kan bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó lágbára, ti iwájú tí pásítọ̀ jókòó lé ni òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Pásítọ̀ dìde. Ní kọ́ọ̀tù la ti wá ṣe é. Nígbà tí akọ̀wé béèrè bóyá ẹbí mi mọ̀ sí i, mo na fóònù sí i, mo fi máàkì rẹ hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀.

Àbúrò bàbá rẹ ní Ọlọ́run ò fẹ́ ohun tí mo ṣe. Ìwọ ní ojú ń tì ọ́. Òun ń gbàdúrà, ìwọ kì í gbà á, ibì kan náà sì ni ẹ̀yin méjèèjì ń lé mi padà sí: ìdí ààrò. Ìyẹn dùn mí díẹ̀.

Ni mo bá pe alága yín, ìyá tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìwé tí ẹ pín, mo béèrè bóyá ẹ̀tọ́ tí ẹ sọ yẹn yọ ìyá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwa tọkọtaya wá sọ ìtàn wa fúnra wa ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ó ní àṣà yín ni pé ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ àlejò ló máa ń dìde fi í han gbogbo ilé, orúkọ rẹ ló sì kọ sílẹ̀. Mi ò sọ fún un pé ojú ń tì ọ́.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kó o sì fi díẹ̀ lé e kí n fi ra bàtà, èyí tí mo ní ń dún bí ilẹ̀kùn. Owó ọkọ̀ èèyàn méjì ni o. Bó bá jẹ́ ti ẹnì kan lo fi ránṣẹ́, ohun tó o sọ á yé mi, mi ò ní ṣépè, màá fi ra ìṣó fún ọkọ mi, a ó sì jókòó sílé wa.

Ọkọ mi kí ọ. Ó ní kí n má fi dandan mú ọ pe òun ní bàbá, kó o máa pe òun ní káfíńtà, ó tó òun. Èmi ni kò tó.

Orí rẹ kò ní burú. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ohun tó o bá sọ níta kò ní dójú tì ọ́ nílé. Bó ò bá fẹ́ ṣe àmín, mo ti bá ọ ṣe é.

Èmi ni ìyá rẹ,
ìyàwó tuntun.